Ṣé Gbogbo Ẹni Tójú Ń Dùn Ló Gbọ́dọ̀ Lọ Tò Ní Ọsibítù Ńlá?

Ẹ BI MÀMÁ NỌ́Ọ̀SÌ

Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ojú n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa gúlákómà, àrùn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, lóṣù tó kọjá, lẹ́tà rọ́ wọlé bí òjò. Mo rò pé àrùn náà lẹ máa béèrè. Rárá o, ìlà lẹ ń béèrè: bí ẹ ṣe ń tò láti ìdájí, bí ẹ ṣe ń padà sílé láì fojú kan dókítà, àti ibi tí ẹ lè yà sí tí ẹ ò ní bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì tí ìlà yẹn dojú kọ. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Bàbá mi ti pé ọdún 71, Ọjà'ba ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ti gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, aago márùn-ún ìdájí la sì máa ń kúrò nílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré la rí dókítà, òun náà ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Glasgow sọ pé lọ́dọ̀ àwọn, ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì àdúgbò lèèyàn kọ́kọ́ ń lọ tójú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà kan ọsibítù. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló ṣe tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀? Kí sì ni kí n ṣe fún bàbá láàárín oṣù mẹ́ta yìí?
Ìyá Aláṣọ, Gbági

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Ní Scotland, láti ọdún 2006 ni ìjọba ti ń sanwó àyẹ̀wò ojú fún aráàlú lọ́dọ̀ àwọn tí à ń pè ní optometrist, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa níbí ń pè ní dókítà gíláàsì. Ojú pọ́n, ojú ń yún, èèyàn ń rí nǹkan dúdú bí eṣinṣin tó ń fò níwájú rẹ̀: ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, láàárín ìgboro níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì. Èyí tí apá wọn bá ká, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí apá wọn ò bá ká, wọ́n á fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn, ó di ọsibítù. Ọsibítù ojú tiwọn náà ṣì ń kún o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá gíláàsì ìkàwé ò sí nínú ìlà yẹn.

Ẹ wá wo tiwa. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn tó wá láti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ti sùn mọ́jú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn wé orí nítorí ẹ̀fọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni ọdún 45 ni, kò sí ohun tó ń ṣe é ju pé ó ti kọjá 40 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tójú ti ń yún ún látìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé ọmọ tó ní àpólò wá, ó gbé e jókòó sáàárín àwọn tí kò ní in. Bàbá kan fẹ́ kí wọ́n tún kọ oògùn gúlákómà tó ti ń kán sójú láti ọdún mẹ́rin, tó sì ń bá a lára mu. Gbogbo wọn ń dúró de dókítà kan náà, ẹni tó lè la ojú èèyàn, kó yọ kátárákì, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ti ṣú, kó fi lẹ́ǹsì tuntun rọ́pò rẹ̀ láàárín bí ìdajì wákàtí. Aago méjì ọ̀sán yóò lù, dókítà yẹn á ṣì máa wo ẹni tó ń wá gíláàsì ìkàwé, ẹni tí kátárákì ti bò lójú á sì máa gba ọjọ́ oṣù mẹ́ta.

Ẹnì kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Awakọ̀ Míkírà ni, Ìwó Road sí Mọ́kọ́lá ló ń ná. Láàárín oṣù kan, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ gbá ọlọ́kadà méjì, ó sì gbà tọkàntọkàn pé àwọn ọlọ́kadà ni wọn ò gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá sọ́dọ̀ wa tó padà, torí ọlọ́kọ̀ ń retí owó lálẹ́, ìlà ò sì lọ síwájú. Oṣù mélòó kan ló wà láàárín ìgbà méjèèjì. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo gbà á wọlé. Ó ka lẹ́tà tó kéré jù lọ lára ògiri láì ṣì í. Mo ní kó fọwọ́ bo ojú òsì, kó wo imú mi, kó má gbé ojú kúrò níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, mo ń mi ìka. "Ẹ sọ fún mi tẹ́ ẹ bá ti ń rí ìka mi." Kò fọhùn. Mo rọra ń sún ọwọ́ bọ̀ níwájú. Ìka mi kọjá etí rẹ̀, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ń wo imú mi bí ọmọ tó gbọ́ràn, kò sọ nǹkan kan. Ó kù díẹ̀ kí ìka náà kan imú mi kó tó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí i."

Ohun tí gúlákómà ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ wọlé, ó ń fi àárín sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa, ojú ò ní pọ́n, kò ní dun èèyàn. Èyí tó bá ti jẹ kì í padà mọ́, kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Kí ìyókù má lọ nìkan la lè ṣe. Ká ní ẹnì kan wà ní Ìwó Road lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kúrò nínú ìlà wa, tó lè fi iná wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kó wọn ìfúnpá inú rẹ̀, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, ojú ọ̀tún ọkùnrin yẹn ì bá ṣì máa rí ọlọ́kadà. Àrùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìlà ló bá a parí ẹ̀. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí, inú mi ò sì tíì rọ̀ di òní.

Kì í ṣe ti ẹyọ ẹnì kan. Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti pé 40 ọdún sókè wò káàkiri orílẹ̀-èdè, èèyàn tó lé ní 13,500. Nínú 100, ó lé ní mẹ́rin tó ti fọ́jú. Kátárákì ló fọ́ ojú 43 nínú 100 afọ́jú náà, gúlákómà fọ́ ti nǹkan bíi 17. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ojú wọn kàn ń ṣe bàìbàì níwọ̀nba, tí wọn ò tíì fọ́jú, 57 nínú 100 ló jẹ́ pé gíláàsì tó bá wọn mu ni wọ́n ṣaláìní. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń kún bẹ́ǹṣì wa. Iṣẹ́ dókítà gíláàsì ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní yunifásítì láti kọ́ ọ, ní Benin, ní Ilorin àti níbòmíràn, ìjọba àpapọ̀ sì ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ tó sì ń fún wọn níwèé àṣẹ sílẹ̀ láti 1989. Ibi tí wọ́n wà ló ń dùn mí. Títì ńlá ni wọ́n wà, Bódìjà, Ring Road, Dùgbẹ̀, níbi tí olówó ti ń kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn yìí. Nínú gbogbo ilé ìlera alábọ́dé tí mo ti wọ̀, tí wọ́n ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n sì ń wo aboyún, mi ò bá dókítà gíláàsì kan níbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wà ní Àkìnyẹlé, kí ẹnì kan wà ní Ọnà-Àrà, kódà bó jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí bàbá tí gúlákómà rẹ̀ ti dúró sójú kan máa lọ síbẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó má wulẹ̀ sun ẹnu ọ̀nà wa mọ́jú. Kí ìyá tí wọ́n yọ kátárákì rẹ̀ níjọ́sí, tí ojú rẹ̀ ti jinná, lọ gba gíláàsì rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì á fúyẹ́, ọjọ́ oṣù mẹ́ta á di ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó ku ti bàbá. Ẹ má pa ọjọ́ tí ọsibítù fún yín jẹ o, ẹ di í mú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oṣù mẹ́ta náà jókòó. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà gíláàsì tó níwèé àṣẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní ohun mẹ́ta lẹ fẹ́: bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń ríran sí, ìfúnpá inú ojú kọ̀ọ̀kan, àti bí iṣan ẹ̀yìn ojú ṣe rí. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ síwèé pẹ̀lú ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo oògùn tí bàbá ń lò, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti ojú, ẹ kó o sínú lailọ́ọ̀nù kan, ẹ gbé e dání. Tó bá jẹ́ kátárákì nìkan ni, ọkàn yín á balẹ̀, torí ó lè dúró de iṣẹ́ abẹ. Tó bá jẹ́ pé ìfúnpá ti ga, lẹ́tà rẹ̀ ni yóò mú kí ọsibítù tètè dá yín lóhùn. Ẹ sì bá mi bi bàbá bóyá ẹnì kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn fọ́jú rí. Bẹ́ẹ̀ ni tó bá jẹ́, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ lọ yẹ ojú wò, torí gúlákómà máa ń tọ ìdílé.

Tẹ́nì kan bá wá sí Ọjà'ba tó ní òun á fi abẹ́rẹ́ ti kátárákì náà wọnú ojú, pé ọjọ́ kan náà ni bàbá á ríran, ẹ lé e. Lóòótọ́ ó lè ríran lọ́jọ́ náà. Mo ti tọ́jú àwọn tó rí ọ̀sẹ̀ méjì péré.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ má bínú sí mi. Oníṣọ́ọ̀bù gíláàsì, ọjà ló ń tà. Mo wọ ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn lọ́dún tó kọjá, kí n tó jókòó tán ó ti kó férémù síwájú mi. Owó ńlá ni mo san, gíláàsì náà sì ń fọ́ mi lórí dòní. Ṣé irú àwọn wọ̀nyí lẹ fẹ́ ká máa fi ojú wa lé lọ́wọ́?
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ̀létè

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bínú rárá, ẹ ní ẹjọ́ tí ẹ lè rò. Ẹ jẹ́ ká ya àwọn èèyàn yìí sọ́tọ̀. Ẹni tó ń fi pákó kiri ní Ogunpa pẹ̀lú gíláàsì ìkàwé, ọlọ́jà ni, kò sì sọ pé òun jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń gé lẹ́ǹsì sínú férémù, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára nígbà tí ẹlòmíràn bá ti yẹ ojú wò tó kọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì fún un. Optometrist ni ẹni tó kọ́ nípa ojú fún ọdún mẹ́fà. Ìwé àṣẹ rẹ̀ máa ń wà lára ògiri, ẹ dìde kí ẹ lọ kà á, kí ẹ wò ó bóyá ti ọdún yìí ni. Kì í ṣe àrífín.

Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ṣúgà ńkọ́, ta ló fọ́jú nínú ẹbí? Á pa iná yàrá, á fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wo inú ẹyin ojú. Ó lè kán oògùn tí yóò la ẹyin ojú sílẹ̀, tí òòrùn á máa ta yín lójú fún wákàtí mélòó kan, ẹ má wakọ̀ wá. Tó bá parí, á fún yín níwèé nọ́ńbà tí ẹ lè mú lọ rà níbi tó bá wù yín. Tó bá jẹ́ férémù ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. A kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò. Èèyàn á wọlé, wọ́n á yẹ ojú rẹ̀ wò fún odidi ìdajì wákàtí, wọn ò ní rí nǹkan kan, á ní, "Kí ni mo fẹ́ẹ́ sanwó fún? Ẹ ò fún mi ní nǹkan kan." Bó ṣe di pé inú férémù ni ẹni náà ti ń wá owó ilé rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Scotland ṣe: àyẹ̀wò náà ni ìjọba ń sanwó fún, bóyá ẹ ra férémù, bóyá ẹ ò rà. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ wa bá gba àwọn ọ̀dọ́ yìí sí ilé ìlera, tó ń san oṣù fún wọn, kò sẹ́ni tó máa ti férémù sí yín nímú mọ́.

Ti orí fífọ́ yẹn, ẹ bọ́ gíláàsì náà sílẹ̀. Ẹ dúró níwájú kàlẹ́ńdà ayẹyẹ tó wà lára ògiri pálọ̀ yín, ẹ bo ojú kan, ẹ ka orúkọ ọjọ́, kí ẹ bo ìkejì. Tí ojú kan bá yàtọ̀ sí èkejì, ẹ tètè lọ wo ẹlòmíràn. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n ṣì kọ, èyí kò le.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọmọ oṣù mẹ́jọ jí pẹ̀lú àpólò. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún wàrà ọmú sí i lójú, pé ohun tí àwọn fi tọ́ ọkọ mi nìyẹn. Mi ò fẹ́ rí wọn fín. Ṣé ó kan ọsibítù ńlá?
Ìyàwó Kékeré, Apẹ̀tẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ má fún wàrà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i. Ẹ fi omi tó ti hó tó sì ti tutù nu ojú náà pẹ̀lú òwú mímọ́, òwú kan fún ojú kan, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera tó súnmọ́ yín lónìí. Kò kan ọsibítù ńlá, àfi tí ẹyin ojú bá ń funfun, tí ojú náà bá wú tí kò lè là, tàbí tí ara ọmọ bá gbóná. Ẹ má ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì fúnra yín: àwọn kan wà tó ń mú kí ojú funfun lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé téèyàn bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́, ìfúnpá inú ojú ló ń ru sókè.

Ní ti Màmá, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ní nọ́ọ̀sì kan tó dàgbà bíi tiwọn ló ní kí ẹ gbé ọmọ lọ, kí àwọn bá yín gbé e. Ìyá ọkọ tó bá tẹ̀ lé yín lọ kì í báni jà.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, optometrist ni mí ní Òjòó. Ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Mo ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí mo bá rí nǹkan lójú wọn, mi ò gba èsì ẹyọ kan rí. Àwọn aláìsàn á padà wá sọ fún mi pé wọ́n ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan tiẹ̀ bi mí pé ìwé wo ni mo fi rán àwọn yẹn. Ṣé kí n ṣì máa kọ ọ́?
Ẹni Tó Ń Kọ Lẹ́tà, Òjòó

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lẹ́tà yín ni mo kà tí omi fi lé ròrò sí mi lójú, torí ẹ̀ṣẹ̀ àwa tá a wà nínú ọsibítù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná ti lọ, yàrá gbóná bí ààrò. Mo ń kọjá láàárín bẹ́ǹṣì, mo rí ìyá kan tó ká bébà kan sí méjì, tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ lọ tó ń fẹ́ ẹ bọ̀, mo rí nọ́ńbà kan tí wọ́n fi bírò pupa yí po: 38. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo abẹ̀bẹ̀ yín." Lẹ́tà ni. Ẹnì kan bíi tiyín, láti Mọ́níyà, ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣe kedere. Ìfúnpá ojú ọ̀tún 38, ti òsì 34. Ẹ mọ̀ pé láti 10 sí 21 la máa ń fẹ́. Ó kọ bí iṣan ẹ̀yìn ojú ṣe ti jẹ, ó kọ pé ẹ̀gbọ́n ìyá náà ti fọ́jú. Iṣẹ́ tí dókítà wa ò bá fi wákàtí kan ṣe ti parí sórí ìwé yẹn. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìyá náà ti ń fi í lé gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́n ní kó fi í pa mọ́. Ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní kó dúró de nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí ooru mú un, ó rí ohun tó lè fi lẹ́tà náà ṣe.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo mú un wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ èsì ránṣẹ́ sí Mọ́níyà. Èmi náà ò kọ ọ́. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá ẹni náà ṣì ń kọ lẹ́tà.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan, ẹ má kọ méjì. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sókè pátápátá, kí ẹ tó kọ orúkọ: lónìí, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kò kánjú. Ẹ kọ nọ́ńbà ìfúnpá gàdàgbà. Ẹ so ìwé kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ní àlàfo mẹ́ta péré: ohun tí a rí, ohun tí a ṣe, ìgbà tí ẹ máa tún un yẹ̀ wò, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín. Ẹni tó bá rẹ̀ kò ní kọ lẹ́tà gígùn, ṣùgbọ́n ó lè dí àlàfo mẹ́ta. Ẹ sì máa pe aláìsàn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ dókítà àbí ó fi í ṣe abẹ̀bẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀gá ọsibítù, mo mọ̀ pé ẹ ń ka ojú ìwé yìí: nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Kó máa gba lẹ́tà, kó kà á, kó pín in sọ́nà mẹ́ta kí wọ́n tó pín nọ́ńbà. Kò ná yín ní ẹ̀rọ kankan. Tí ẹ ò bá ka lẹ́tà àwọn ọmọ yìí, bí a bá gbé dókítà gíláàsì sí gbogbo ilé ìlera n'Ìbàdàn, ìlà kejì la kàn kún ti àkọ́kọ́. Ẹ fi ọwọ́ pọ́n wọn lé. Ẹ pè wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n jókòó ti àwọn dókítà yín, kí wọ́n wo ojú àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ṣì mú ohun tí kò le wá, ẹ kọ́ ọ; ẹni tó bá mú ohun tó le wá lásìkò, ẹ sọ fún un pé ó ṣeun.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Omi bátìrì ta sójú ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù gíláàsì, ìyẹn ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. A ti fi àkókò ṣòfò. Ìgbà wo ni èèyàn ò gbọdọ̀ dúró ní àdúgbò rárá?
Ìyàwó Mẹkáníìkì, Sángo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfaradà, kí ojú ọmọ náà jinná. Ìbéèrè yìí wúlò, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi òkè yìí kó wá ṣì í gbà.

Tí nǹkan bá gún ojú, irin, igi, gíláàsì tó fọ́, ọsibítù lẹ ń lọ tààrà. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ wá ìdérí kọ́ọ̀pù kan fi bò ó lókè. Tí ojú bá ṣókùnkùn lójijì, tàbí tó dà bíi pé wọ́n fa kọ́tìnì sí apá kan rẹ̀, tàbí tí mànàmáná ń kọ nínú rẹ̀, ẹ má sùn lé e. Ojú tó ń dunni gidigidi tí èèyàn tún ń bì, bákan náà. Ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ ń ṣọyún láàárín oṣù àkọ́kọ́. Ọmọdé tí àárín ẹyin ojú rẹ̀ ń tàn funfun nínú fọ́tò tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tàn bẹ́ẹ̀: mo ti rí àwọn ìyá tó rò pé kámẹ́rà ló ṣe é, àrùn jẹjẹrẹ ni.

Ti omi bátìrì, sìmẹ́ńtì, ẹfun, oògùn ìfọlé àti èyíkéyìí tó ń jó ara, omi ló kọ́kọ́ kàn, ọkọ̀ ló kàn tẹ̀ lé e. Ẹ gbé ẹni náà síwájú ẹ̀rọ omi tàbí kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, bó ń ké kí ẹ má fi í sílẹ̀, kí ẹ máa da omi sí i fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Omi kànga, omi inú ìgò tí wọ́n ń tà, èyí tó bá súnmọ́ jù. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó máa fi kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ kan pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sàájì bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ ọwọ́.